Ǹjẹ́ Ìtìjú Ni Kí Ọlọ́gbọ́n Yí Ìlànà Rẹ̀ Padà?

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, ó dájú pé o ti gbọ́ ọ rí pé ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Èwo ni kí á tẹ̀ lé nígbà tí ọ̀rọ̀ tí a ti sọ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú?

Wo ìtọ́jú àwọn tí ó ní kòkòrò HIV lára. Kòkòrò yìí a máa run àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní CD4, tí í ṣe ọmọ-ogun ara. Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ pé, bí àìsàn kò bá tí ì wọ ènìyàn lára gidigidi, kí ó dúró títí CD4 rẹ̀ yóò fi rẹlẹ̀ ju 200 lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ní 2010, wọ́n gbé e sí 350. Ní 2013, wọ́n gbé e sí 500. Ní 2015, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró mọ́, iye yòówù kí CD4 rẹ̀ jẹ́. Ní 2016, ilẹ̀ Nàìjíríà fi èyí sínú ìwé ìlànà tirẹ̀.

Ìwọ lè wí pé, ‘Òpùrọ́ ni wọ́n!’ Má ṣe yára dájọ́. Oògùn ìgbà náà wọ́n, ó sì máa ń ni ara lára. Ṣùgbọ́n ní 2015, a rí èsì ìwádìí kan tí a ṣe láàrin ènìyàn 4,685 ní orílẹ̀-èdè 35. Ara wọn ṣì le. Apá kan bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀, apá kejì dúró. Iye àwọn tí àìsàn líle tàbí ikú bá nínú àwọn tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn tí ó dúró. Lẹ́yìn tí a ti mọ èyí, ẹni tí ó bá tún ní kí aláìsàn dúró ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dáàbò bo orúkọ ara rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyípadà ni ó yẹ ní ìyìn. Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ padà nítorí èrè a máa fi ìdí rẹ̀ pamọ́. Ẹni tí ó yí i padà nítorí òtítọ́ a máa fi ìdí rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì parí sí inú ìwé. Ó yẹ kí ìlànà tuntun dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ìletò, kí a sì pe aláìsàn tí a ti ní kí ó dúró, kí a fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un. Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo oògùn yìí, títí ayé wọn. Ta ni yóò sì máa lò ó bí kò bá gba ẹni tí ó fún un gbọ́?

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, bí ìmọ̀ tuntun bá fi hàn pé ìmọ̀ràn tí o fún ẹnìkejì kò dára tó, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dí ọ lẹ́nu. Tọ̀ ọ́ lọ, kí o wí ohun tí ó yí padà, kí o sì wí ìdí rẹ̀. Ire ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ ni ó yẹ kí o dúró tì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.