Ọ̀yà àti Ọpẹ́

Ìgbà kan wà láàárín ọdún tí pápá ìṣeré a máa dákẹ́. Ìdíje ti parí, ariwo àwọn alátìlẹyìn ti rọlẹ̀, koríko sì ń gbìyànjú àti hù padà níbi tí bàtà ti tẹ̀ ẹ́ kú. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí àwọn olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jókòó sí, iṣẹ́ kò tíì parí rárá. Àkókò yìí ni wọ́n ń wá agbábọ́ọ̀lù tuntun, tí wọ́n ń tú àwọn mìíràn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń pe àwọn àgbà àárín wọn láti bá wọn sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ kì í pẹ́ lórí tábìlì náà: ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ọjọ́ iwájú rẹ̀ gùn, kò ṣòro láti dá iye lé e. Ọ̀rọ̀ àgbà ni í mú kí ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀. Èló ni ó tọ́ kí a san fún ẹni tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí orúnkún ti ń dùn? Ṣé iṣẹ́ tí ó ti ṣe kọjá ni a ń san owó rẹ̀ ni, tàbí èyí tí ó kù tí yóò ṣe?

Ìlú Àkrà, olú-ìlú Gánà, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ṣòwò tí wọ́n sì ti bímọ sí kí òfin ọdún 1969 tó lé wọn padà sílé, ti rí ọ̀ràn yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 1957, kò pẹ́ lẹ́yìn tí Gánà gba òmìnira, ẹgbẹ́ Hearts of Oak, tí a dá sílẹ̀ ní Àkrà ní ọdún 1911, gba àlejò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Stanley Matthews ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 42 sì ni. Ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà nínú àwọn ìdíje ìfẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, àwọn ènìyàn ya lọ wò ó, wọ́n sì fi oyè dá a lọ́lá. Kò sí ìjà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣi ara rẹ̀ lóye. Àlejò wá fi ohun tí ó mọ̀ hàn, onílé wò ó, wọ́n dúpẹ́, ó sì padà sílé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yìí kan náà ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà ni ó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò. Ní ọdún 1961, Stoke City, ẹgbẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, rà á padà lọ́wọ́ Blackpool ní 3,500 pọ́ùn. Ó ti di ẹni ọdún 46. Nínú ìdíje tí ẹgbẹ́ náà gbá nílé ṣáájú kí ó tó dé, ènìyàn 8,409 péré ni ó wá wòran. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ padà wọ pápá wọn, iye wọn jẹ́ 35,974. Ní ọdún 1963, Stoke gba ipò kìíní ní ìpele kejì wọ́n sì gòkè. Ẹni tí ó bá ka ìṣirò yìí kò lè pe owó tí wọ́n san fún bàbá náà ní àánú. Wọ́n ra ohun kan, wọ́n sì gba ohun tí wọ́n rà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 2 Oṣù Keje ọdún 2010, ní ìlú Johannesburg, Gánà ń bá Uruguay figa gbága nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Sulley Muntari ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sílé fún Gánà láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí àfikún àkókò ń parí lọ, tí ẹni kan nínú àwọn Uruguay fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù tí ó ń wọlé lọ, Asamoah Gyan ni wọ́n gbé pẹ́náritì fún. Bọ́ọ̀lù náà lu òpó òkè. Ìrora alẹ́ ọjọ́ náà kò tíì tán ní Àkrà. Ṣùgbọ́n Gyan kan náà ni ó gbá góòlù 51 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, iye tí ẹnikẹ́ni kò gbá rí ṣáájú rẹ̀ ní Gánà, tí góòlù rẹ̀ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì pé 6.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí padà wá sí Àkrà ní ìrọ̀lẹ́ iṣẹ́ wọn. Gyan ni ó kọ́kọ́ dé. Kí ìdíje líìgì tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Legon Cities, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí Wa All Stars tí ó gba líìgì Gánà ní ọdún 2016. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 35. Ariwo pọ̀ nígbà tí ó dé. Ìdíje tí ó gbá kò pọ̀, nítorí ara kò gbà á mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní Oṣù Kejì ọdún 2022, Hearts of Oak gba Muntari, ẹni ọdún 37, tí ó ti bá Portsmouth gba ife ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2008, tí ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Inter tí ó gba ife àwọn olúborí ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2010. Hearts gba ife FA ti Gánà ní Oṣù Kẹfà ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé líìgì bọ́ sọ́wọ́ Kotoko. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ọ̀nà ẹgbẹ́ àti ti Muntari yà.

Àwọn kan wí pé ohun tí ó dára ni, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ta ni a ṣe lóore níhìn-ín? Gyan kò gbá góòlù kan ṣoṣo nínú 51 náà fún Legon Cities. Ẹsẹ̀ òsì Muntari kò mú ife kankan wá fún Hearts kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ẹni ọdún 37. Gánà ni ó jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ní Àkrà. Bí ẹgbẹ́ kan bá wá fi owó ọ̀yà san gbèsè tí kò jẹ, ẹni tí ó jẹ gbèsè gan-an yóò rò pé òun ti bọ́, yóò sì káwọ́ sẹ́yìn máa lọ.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀yà, ọ̀tọ̀ ni ọpẹ́. Nínú ilé Yorùbá, kò sí ẹni tí yóò ka ebè fún bàbá àgbà kí ó tó gbé iyán síwájú rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, nítorí iyán náà kì í ṣe owó iṣẹ́ òní. Bẹ́ẹ̀ ni, bí bàbá kan náà bá gbé ọkọ́ tí ó kọ ebè 50 lóko olóko, ìwà ìrẹ́jẹ ni kí olóko san owó 30 fún un nítorí pé irun rẹ̀ ti funfun, kí ó sì fi oríkì dí èyí tí ó kù. Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni pé kí a pe bàbá lọ sí oko pé kí ó wá kọ ebè, nígbà tí ó jẹ́ pé iyán ni a fẹ́ fún un. Yóò ṣe bí ẹni tí ó lágbára, àwọn ọ̀dọ́ oko yóò máa fi ojú kan ara wọn, alẹ́ yóò lẹ́, ẹ̀gbin yóò sì dé bá irun funfun tí a fẹ́ bu ọlá fún.

Ti aṣọ́lé ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Aṣọ́lé kì í tètè gbó bí àwọn tí ń sáré níwájú, nítorí ojú àti làákàyè ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ju ẹsẹ̀ lọ. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé lè gun igi kí ó má rí i. Ẹni ọdún 40 ni Dino Zoff nígbà tí ó ṣe balógun Ítálì tí wọ́n fi gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ọdún 1982. Essam El Hadary ti Íjíbítì ti pé ẹni ọdún 45 nígbà tí ó mú pẹ́náritì ní Rọ́ṣíà ní ọdún 2018. Ní Legon Cities tí Gyan lọ, Fatau Dauda, tí a bí ní ọdún 1985, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun ni ó ṣọ́ ilé fún Gánà nígbà tí wọ́n bá Jámánì gbá ọ̀mì ní Brazil ní ọdún 2014, ó sì ti ṣọ́lé fún Enyimba ti ìlú Aba lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àgbà aṣọ́lé kò wúlò. Ṣùgbọ́n ẹnu ilé kan ṣoṣo ni ó wà. Àgbà agbábọ́ọ̀lù iwájú lè wọlé ní ogún ìṣẹ́jú ìkẹyìn kí ọ̀dọ́ ti lo àkókò tí ó ṣáájú. Aṣọ́lé kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi àánú gbé àgbà sẹ́nu ilé, ọmọ ogún ọdún kan wà lórí bẹ́ǹṣì tí ó ń fi odidi ọdún kan nínú èwe rẹ̀ san owó àánú náà, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè.

A kì í tún gbàgbé pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun kan wà tí ọ̀dọ́ lè rí lára irú Muntari tí kò sí nínú ẹsẹ̀: ní ọdún 2017, ní Cagliari ní Ítálì, nígbà tí àwọn òǹwòran ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀ tí adájọ́ pápá kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rìn kúrò lórí pápá. Iṣẹ́ ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó ti ọmọ ogún ọdún nínú yàrá ìmúra, iṣẹ́ tí ó ní owó. Nígbà náà, kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀: kí a pè é ní olùkọ́, kí a san owó olùkọ́ fún un, kí a má sì ṣèlérí ipò kan lára ipò 11 tí kò ní lè dì mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́. Ní Nàìjíríà, òfin tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2022 gbé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ìjọba láti 60 sí 65, ó sì gbé ọdún iṣẹ́ láti 35 sí 40. Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣì nílò ìmọ̀ wọn, ọ̀yà tòótọ́ ni, kí a san án ní kíkún. Bí ó bá jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì kò tó jẹun ni a ṣe dá wọn dúró, a ti gbé iyán pamọ́, a sì ti gbé ọkọ́ lé àgbà lọ́wọ́.

Ti Baba Yara ni ó fi hàn bí gbèsè ọpẹ́ ṣe lè ga tó. Ní ọdún 1961, nígbà ìjọba Nkrumah, wọ́n ṣa àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù láti inú àwọn ẹgbẹ́ Gánà, wọ́n fi dá Real Republikans sílẹ̀ ní Àkrà. Láti Kotoko ni wọ́n ti mú Baba Yara. Ní ọdún 1963, bí wọ́n ti ń padà láti Kpandu, ọkọ̀ wọn ní ìjàǹbá, ó sì di ẹni tí kò lè rìn mọ́. Kò tíì dàgbà. Kò sí ìdúnàádúrà kankan nípa ọdún tí ó kù nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1969. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pápá ìṣeré ńlá Kùmásì lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, Gyan kéde pé òun ti fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀. Àkrà ni ó ti sọ ọ́, kì í sì í ṣe lórí pápá: nínú ìpàdé ńlá kan tí àwọn oníbáńkì pè ni, níwájú àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ iye gbèsè tí ẹnìkan jẹ ẹnìkejì.