Ìbéèrè Ìfẹ́ àti Òmìnira Ìdáhùn



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń gbèrò láti gbéyàwó. Ó kan àwọn òbí wọn pẹ̀lú, ó sì kan gbogbo wa tí a máa ń jókòó níbi àsè wọn.

Àṣà kan ti wọ àárín wa tí àwọn baba wa kò mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò ra òrùka, yóò bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọn yóò sì fi ọgbọ́n mú ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn lọ síbi àpèjẹ tàbí ilé oúnjẹ, láìjẹ́ kí ó mọ ohun tí ó wà nílẹ̀. Bí ó bá ti wọlé, àwọn ènìyàn yóò pagbo yí i ká. Ọmọkùnrin náà yóò fi eékún kan kúnlẹ̀, yóò na òrùka sí i, yóò sì bi í léèrè bóyá yóò fẹ́ òun. Àwọn ọ̀rẹ́ yóò gbé fóònù sókè láti ya àwòrán, wọn yóò sì máa pariwo pé kí ó yára gbà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń gbé Bẹẹrẹ, Ọjàa'ba, Mápó àti Bẹ́yẹrúnkà ni ó ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn nínú yín sì ń gbèrò láti ṣe é.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí? Rárá o. Ìjọ Mímọ́ kò bá ayọ̀ jà. Olúwa wa fúnra rẹ̀ jókòó níbi ìgbéyàwó ní Kánà ti Gálílì, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ àmì rẹ̀ èkínní, kí ìtìjú má bàa bá ọkọ àti ìyàwó nígbà tí wáìnì tán. Òrùka pẹ̀lú kì í ṣe ohun àjèjì sí àwa Kátólíìkì. Ní ọdún 866, nígbà tí àwọn ará Bùlùgéríà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàgbọ́ bèèrè nípa àṣà ìgbéyàwó, Póòpù Nicholas Kìíní kọ̀wé sí wọn pé ọkọ a máa fi òrùka sí ìka àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì òtítọ́ àti ìfọkàntán.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ẹ̀bùn lè jẹ́ òjijì; wákàtí tí a ó mú un wá àti ibi tí a ó ti fi í fúnni lè jẹ́ òjijì. Ìpinnu ìgbéyàwó ni kò gbọdọ̀ jẹ́ òjijì. Ẹni tí a bi ní irú ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ ní ààyè láti dáhùn bí ọkàn rẹ̀ ti rí, kì í ṣe bí agbo ti ń fẹ́.

Ẹ wo bí Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ti bèèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ìhìn tí Áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì mú tọ Màríà Wúndíá lọ ní Násárẹ́tì jẹ́ òjijì ju gbogbo òjijì lọ. Síbẹ̀, nínú Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́, a kò rí agbo kankan níbẹ̀. Nígbà tí ọkàn Wúndíá náà dàrú, áńgẹ́lì náà fi í lọ́kàn balẹ̀. Nígbà tí ó béèrè bí ohun náà yóò ti ṣe rí bẹ́ẹ̀, áńgẹ́lì kò pè é ní aláìgbàgbọ́. Ó ṣe àlàyé fún un. Kò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí Màríà fi fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Ọlọ́run tí ó dá a, tí ó lè pàṣẹ fún un, ni ó dúró de ìdáhùn rẹ̀. Bí Ẹlẹ́dàá bá lè dúró, èwo ni ti ọmọkùnrin Ìbàdàn tí kò lè fún ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ronú?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Rèbékà nínú orí kẹrìnlélógún Ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti baba rẹ̀ ti gbà, a ti kó ẹ̀bùn wúrà àti fàdákà àti aṣọ sílẹ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó bá ìránṣẹ́ Ábráhámù lọ, wọ́n pe ọmọbìnrin náà, wọ́n sì bi òun fúnra rẹ̀ bóyá yóò lọ.

Àwọn baba wa pẹ̀lú kò ṣe aláìmọ èyí. Lóòótọ́, a kò ní purọ́ mọ́ ìgbà àtijọ́: àwọn ọmọbìnrin kan wà tí a ti fi fún ọkọ láti kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi léèrè. Ṣùgbọ́n nínú ètò ìgbéyàwó Yorùbá, lẹ́yìn ìfojúsóde àti iṣẹ́ alárinà, àti ṣáájú ìtọrọ àti ìdána, ìgbésẹ̀ kan wà tí à ń pè ní ìjọ́hẹn. Orúkọ rẹ̀ ti tó ẹ̀kọ́: kí ọmọbìnrin fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ hẹn. Kì í jẹ́ ẹ lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Alárinà a lọ, a bọ̀, a wádìí ilé, a wádìí ìwà, a wádìí àìsàn ìdílé. Àwọn àgbà sì kìlọ̀ pé ìyàwó tí a fẹ́ lójú agbo, ìran ni yóò wò lọ.

Ìlànà Ìjọ kò yàtọ̀ sí èyí. Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, nínú òfin 1057, kọ́ wa pé ìfohùnṣọ̀kan ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń sọ ìgbéyàwó di ìgbéyàwó, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kankan tí ó lè gbà á ṣe fún wọn: kì í ṣe baba, kì í ṣe ìyá, kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe Pádrè. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí tọkọtaya bá dúró níwájú pẹpẹ, ohun èkínní tí a ń bi wọ́n ni bóyá wọ́n wá pẹ̀lú òmìnira, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú wọn. Nítorí náà pẹ̀lú ni Ìjọ fi ń kéde ìgbéyàwó ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí Ìpàdé Ńlá ti Látéránì ti pa á láṣẹ láti ọdún 1215. Ìjọ kì í fi òjijì so ènìyàn pọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, kí ẹ tó ra òrùka, ẹ kọ́kọ́ bá ọmọbìnrin náà jókòó ní ìdákẹ́jẹ́, níbi tí kò ti sí ẹni tí ń wò yín. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́, lórí ọmọ bíbí, lórí iṣẹ́ àti owó, lórí ibi tí ẹ ó gbé. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ jẹnótáìpù yín. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde yóò máa bá a jà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ lẹ́yìn tí a ti kúnlẹ̀ níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Nígbà tí ẹ bá ti mọ ọkàn ara yín, tí àwọn òbí sì ti gbọ́, ẹ lè fi òrùka bá a ní òjijì bí ó bá wù yín. Ayọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ayọ̀ tòótọ́.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín tí ó wúwo ní ọkàn mi. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ìtìjú ni ó mú kí ìwọ gba òrùka lójú agbo, tí ọkàn rẹ kò sì balẹ̀ láti ọjọ́ náà, má ṣe rò pé ẹ̀pa kò bóró mọ́. Òfin Ìjọ, nínú òfin 1062, sọ ọ́ gbangba pé ìlérí ìgbéyàwó kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti fi ipá béèrè pé kí a ṣe ìgbéyàwó náà. Òrùka àfẹ́sọ́nà ṣeé dá padà. Sákrámẹ́ńtì ni kò ṣeé tú. Sọ fún ìyá rẹ. Sọ fún Pádrè rẹ. Ìtìjú ọ̀sẹ̀ kan sàn ju ẹkún ogún ọdún lọ. Kí ọmọkùnrin tí a bá sì dá òrùka padà fún gbà á láìbínú, nítorí ọmọlúwàbí ni ẹni tí ó lè gbọ́ "rárá" tí kò sì di ọ̀tá.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ará tí ń pagbo, ẹ má ṣe bá ọmọlọ́mọ dáhùn. Ẹnu tí ń pariwo "gbà" kọ́ ni yóò bá a gbé ilé.

Ó ku ọ̀rọ̀ àsè. Nínú ìwé kan náà tí ó kọ ní 866, lẹ́yìn tí ó ti ka òrùka àti àwọn ètò ìgbéyàwó yòókù, Póòpù Nicholas fi kún un pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bí ènìyàn kò bá lè ṣe gbogbo wọn, nítorí pé òṣì a máa há àwọn mìíràn mọ́; ìfohùnṣọ̀kan nìkan ni kò gbọdọ̀ sí àléébù nínú rẹ̀. Ní ọdún 2016, Póòpù Francis tí ó di olóògbé ní 2025 tún ohun kan náà sọ nínú ìwé rẹ̀ Amoris Laetitia. Ó gba àwọn àfẹ́sọ́nà níyànjú láti ní ìgboyà, kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó níwọ̀nba, kí ìnáwó àti àṣehàn má bàa gbé wọn mì. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ń yá owó nítorí aṣọ ẹbí àti gbọ̀ngàn. Àwọn àgbà ní gbígbéyàwó kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ló ṣòro.

Ẹ gbé ojú yín sókè sí òkè Mápó. Gbọ̀ngàn ńlá wà níbẹ̀, èyí tí a ṣí ní ọdún 1929, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ àti ìyàwó ti jó, tí wọ́n ti ná owó. Ní àdúgbò Mápó kan náà ni kóòtù ìbílẹ̀ wà, èyí tí àwọn ìwé ìròyìn ń mú orúkọ rẹ̀ jáde léraléra nítorí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ibi ijó àti ibi ìkọ̀sílẹ̀ kò jìnnà síra. Kí a má ṣe jẹ́ kí ìrìn àwọn ọmọ wa láti èkínní dé èkejì kúrú bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí ọkọ àti ìyàwó tuntun ṣe nígbà náà? Ìwé Deuterónómì, orí kẹrìnlélógún, pa á láṣẹ pé ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kò gbọdọ̀ lọ sójú ogun fún odindi ọdún kan. Kí ó wà ní ilé, kí ó máa mú inú aya rẹ̀ dùn. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ kan ni àwa ń fi ṣe àjọyọ̀, ọdún kan ni Ọlọ́run fi í lélẹ̀. Ẹ fi ọdún náà jẹun pọ̀, ẹ fi í kọ́ láti bá ara yín sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè, ẹ jọ máa wá sí Mísà. Ẹ sì rántí Tòbíà àti Sárà. Àsè wọn gba ọjọ́ mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ní alẹ́ èkínní, wọ́n dìde lórí ibùsùn wọn, wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà. Bàbá ìyàwó ti gbẹ́ ibojì sílẹ̀ fún ọkọ náà nínú ìbẹ̀rù. Nígbà tí ó gbọ́ pé ó wà láàyè, ó ní kí wọ́n dí ibojì náà.

Kí Ọlọ́run dí gbogbo ibojì tí a gbẹ́ sílẹ̀ de ayọ̀ àwọn ọmọ wa. Kí Màríà Wúndíá, ẹni tí ó fi òmìnira jẹ́ hẹn fún Ọlọ́run, kọ́ wọn láti béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti láti dáhùn pẹ̀lú òtítọ́. Ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.

Èmi ni Pádrè yín nínú Krístì.