Eyín Tí Ń Mì àti Ojúṣe Mùsùlùmí

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ènìyàn ní dídá tí ó dára, tí ó sì to eyín sí wa lẹ́nu kí a lè jẹun, kí a sì lè sọ̀rọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní, kí ni ó kan wáàsí nínú ọ̀rọ̀ eyín? Ṣùgbọ́n ẹ wo iye àwọn ará wa tí wọ́n ń tu itọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ láràárọ̀ bí wọ́n bá ń run pákò, tí wọ́n sì ń sọ pé, "Kò sí nǹkan kan, kò kúkú dùn mí." Òótọ́ ni pé kì í sábà dunni. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Eyín tí kòkòrò jẹ a máa gbé ènìyàn dìde lóru. Àrùn erìgì, ìyẹn ẹran tí ó yí ìdí eyín ká, lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́, títí di ọjọ́ tí olúwarẹ̀ yóò fi ahọ́n kan eyín rẹ̀, tí eyín yóò sì mì.

Bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìdọ̀tí rírọ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín kún fún kòkòrò tí ojú kò lè rí. Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le, yóò dà bí òkúta, pákò kò sì ní lè ká a mọ́. Erìgì yóò wú, yóò pọ́n, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò máa ṣí kúrò lára eyín, ìdọ̀tí yóò máa wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, egungun tí ó di gbòǹgbò eyín mú yóò sì máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Nígbà mìíràn, àlàfo yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là láàárín eyín iwájú níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn èjí, a sì máa ń fi yin ènìyàn. Ṣùgbọ́n èjí tí Ọlọ́hun dá mọ́ni ni ìyẹn. Bí o bá rí i pé èjí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là sí ọ lẹ́nu lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún, má ṣe rẹ́rìn-ín sí i nínú dígí, dókítà eyín ni kí o lọ bá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àrùn àwọn arúgbó ni. Irú rẹ̀ kan wà tí ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ìbàlágà, tí ń mú eyín iwájú àti àwọn eyín ńlá tí a fi ń lọ oúnjẹ, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Sìgá a máa dá kún un gidigidi. Àtọ̀gbẹ náà ń dá kún un, àrùn erìgì sì ń mú kí àtọ̀gbẹ ṣòro láti kápá.

Àwọn kan yóò ní kádàrá ni, kí àwọn ṣe sùúrù. Sùúrù dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará oko wá bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) bóyá kí wọ́n máa wá ìwòsàn, ó ní kí wọ́n máa wá a, nítorí pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, àyàfi ogbó. Usama ọmọ Sharik ni ó gba ọ̀rọ̀ yìí wá. Sùúrù nínú àìsàn ni pé kí a má ráhùn sí Ọlọ́hun. Kí a jókòó ti eyín tí ó ṣe é gbà là títí yóò fi bọ́ kì í ṣe sùúrù.

Ta ni a tilẹ̀ lè fi wé Ànábì wa nínú ìmọ́tótó ẹnu? Ó sọ pé bí kì í bá ṣe pé yóò nira fún ìjọ òun ni, òun ìbá pa á láṣẹ fún wọn láti máa run pákò nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó wà nínú àìsàn tí ó kú sí ní ọdún 632, Abdur-Rahman, ẹ̀gbọ́n Aisha, wọlé pẹ̀lú pákò lọ́wọ́, Ànábì sì tẹjú mọ́ pákò náà. Aisha mọ ohun tí ó ń fẹ́, ó gbà á, ó fi eyín rẹ̀ rún un kí ó lè rọ̀, ó sì fún un, ó sì fi run ẹnu. Ènìyàn tí ó wà ní bèbè ikú ni a ń sọ o! Àwa tí ara wa le, tí orín àtá, ayan àti pákò Ìjẹ̀bú pọ̀ lọ́jà wa, àwáwí wo ni a ní? Ẹ ṣáà rún orí pákò náà kí ó rọ̀ dáadáa, kí ẹ sì rọra fi í nu ìdí eyín. Ẹni tí ń fi pákò líle ha erìgì bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi ń ṣe ara rẹ̀ léṣe. Àárín eyín sì wà tí pákò kì í dé, tí búrọ́ọ̀ṣì náà kì í dé: òwú tí wọ́n ṣe fún un ni à ń fi yọ ibẹ̀.

Ohun méjì ni ó máa ń dẹ́rù ba àwọn ará wa tí erìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Èkíní ni aluwàlá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yóò bà á jẹ́, nítorí náà wọn kì í fi ọwọ́ kan ẹnu mọ́. Ní ojú ọ̀nà Imam Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, ẹ̀jẹ̀ ẹnu kì í ba aluwàlá jẹ́. Ẹ yọ ẹnu títí yóò fi mọ́, ẹ má gbé ẹ̀jẹ̀ náà mì, ẹ kírun yín. Àwọn Hanafi ni wọ́n sọ pé ó bà á jẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju itọ́ lọ. Erìgì tí ń ṣẹ̀jẹ̀ ni ó sì nílò ìfọ̀ jù, kì í ṣe èyí tí a ó fi sílẹ̀.

Èkejì ni ààwẹ̀ Rámádáánì. Nítorí ọlá tí òórùn ẹnu aláàwẹ̀ ní lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, àwọn kan a máa fi ẹnu sílẹ̀ láìfọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Òórùn inú òfìfo ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe ti ẹran tí ó há sáàárín eyín láti ìgbà sààrì. Imam Malik gba pákò gbígbẹ láàyè ní gbogbo ọjọ́ ààwẹ̀. Àwọn Shafi'i ni kò fẹ́ ẹ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí. Kò sì sí ẹni tí ó ka pákò léèwọ̀ lẹ́yìn ìṣínu. Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Aarhus ní Denmark ní kí ènìyàn 12 tí erìgì wọn dára má fọ ẹnu mọ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sí fífọ ẹnu, ó san. Ẹ fi ọjọ́ 21 wé ọjọ́ 30.

Nísinsìnyí, ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá ẹ̀jẹ̀, tí eyín ti ń mì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ gbígba eyín là kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn wa. Arfajah ọmọ As'ad, Sàhábà kan tí wọ́n ti gé imú rẹ̀ lójú ogun ṣáájú Ìsìláàmù, fi fàdákà ṣe imú, ó sì ń rùn. Ànábì ní kí ó fi wúrà ṣe é, bẹ́ẹ̀ wúrà sì jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ eyín tí ń mì. Abu Hanifa ní fàdákà ni kí a fi dì í. Muhammad ọmọ Al-Hasan, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, gba wúrà láàyè. Nínú Mukhtasar Khalil tí àwọn áàfáà wa ń kà, dídi eyín wà lára ohun tí a yọ sílẹ̀ nínú èèwọ̀ wúrà. Ẹ ò rí i pé wọ́n gba ohun èèwọ̀ láàyè kí eyín kan ṣoṣo má baà bọ́! Lóde òní, wáyà tín-ín-rín àti ohun funfun kan tí ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ ni àwọn dókítà fi ń so eyín tí ń mì mọ́ èyí tí ó dúró, a kò tilẹ̀ nílò wúrà mọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì. Eyín iwájú rẹ̀ lókè bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tí ó bá mọ tàjúwíìdì mọ̀ pé orí ahọ́n àti ìparí eyín iwájú òkè ni thā', dhāl àti ẓā' ti ń jáde, ètè ìsàlẹ̀ àti eyín yẹn kan náà ni fā' sì ti ń jáde. Ó kọ̀, kò ṣe imáámù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé rẹ̀ ní kí ó máa fi ògógóró yọ ẹnu, òmíràn ní kí ó fi aṣáà sí i, òmíràn ní kí ó fi okùn fa gbogbo rẹ̀ yọ kí ó sinmi. Ọpẹ́ ni pé ó lọ sí ọ́sípítù. Wọ́n ya àwòrán egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ó dunni, wọ́n sì ha òkúta ìdọ̀tí abẹ́ erìgì kúrò ní ìjókòó mẹ́rin. Ọ̀kan nínú eyín náà kò ṣe é gbà là, wọ́n yọ ọ́. Wọ́n so àwọn yòókù pọ̀. Ó ti padà sí ipò imáámù, eyín tí wọ́n fi rọ́pò wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì ba ìrun rẹ̀ jẹ́ rárá.

Ẹni tí ó bá ń lọ irú ọ̀nà yìí, ẹ jẹ́ kí ó mọ ohun tí yóò bá pàdé. Lẹ́yìn ìfọ̀ náà, erìgì tí ó wú yóò fà sókè, eyín yóò dà bí èyí tí ó gùn sí i, omi tútù yóò sì máa ta á. Èyí ni ó ń mú àwọn kan sọ pé ọ́sípítù ni ó tú eyín àwọn. Òkúta ìdọ̀tí ni ó ń di àwọn eyín kan mú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a bá yọ ọ́, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bí egungun ti jẹ tó. Bí wíwú bá lọ, ọ̀pọ̀ eyín yóò dúró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n egungun tí ó ti jẹ kì í sábà hù padà, nítorí náà àrùn tí a ó máa bá gbé ni. Pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, òwú láàárín eyín, kí a sì máa padà sọ́dọ̀ dókítà ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ọ́sípítù ńlá ti Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Bí ó bá jẹ́ oṣù Rámádáánì ni wọ́n fún yín lọ́jọ́, tí kò sì sí kánjúkánjú, ẹ ní kí wọ́n sún un di ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo ẹni tí ẹnu ń yọ lẹ́nu ní àláfíà. Àmín. Wasalaam.