Àpá Tó Ju Ọgbẹ́ Lọ

Ọmọ ọdún 13 ni mí lọ́jọ́ tí mo ti ọ̀rẹ́ mi lu wíńdò ilé wa ní Kúdẹtì. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló dá ìjà sílẹ̀. Irin wíńdò ha á léjìká. Ọgbẹ́ náà ò gùn tó ìka ọwọ́. Màmá mi kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní, "Ẹ dìde jàre, ọmọdé ló ń ṣe wọ́n." Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ọgbẹ́ ti jinná, a ti jọ ń jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, àbí? Kò parí o. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àpá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó sì ń wú. Mo ti kó lọ Èkó nígbà yẹn, n ò mọ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí ooru mú kó bọ́ bùbá rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Àpá ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kò lè gbé báàgì kọ́ èjìká yẹn mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu: bí ọgbẹ́ tí mo dá sí ara ẹni bá kéré, tí àpá rẹ̀ wá di ńlá, èwo nínú méjèèjì ni mo jẹ̀bi rẹ̀?

Yorùbá ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Àmọ́ àpá tó ń dàgbà tún yàtọ̀. Kẹ́lọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Àpá lásán máa ń dúró sí ibi tí ọgbẹ́ dé. Èyí máa ń ré kọjá ààlà, á wọ inú awọ tí ohunkóhun ò ṣe. Ìdí nìyẹn tí Alibert, dókítà ará Faransé, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, fi sọ ọ́ lórúkọ láti ara èékánná akàn. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé. Ibi tí wọ́n ti lu etí, ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára, kódà irorẹ́, lè fà á. Bí wọ́n bá kàn gé e lásán, ó sábà máa ń padà wá. Lójú èmi tó ń kọ sọ́fítíwia, ó dà bí loop tí wọn ò kọ ibi tó ti máa dúró sí: iṣẹ́ rere ni ara ń ṣe, ó ń dí ihò, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó tó.

Ẹlòmíì á ní ká ní ẹlòmíì ni mo tì, bóyá àpá ì bá má wú. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wàhálà ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n wá, ó sì tù mí lára. Ìtura yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí i.

Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ilé ìwé kan fi ẹsẹ̀ gbá ẹgbẹ́ rẹ̀ lójúgun, díẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ náà ti ní ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, bó ṣe bàjẹ́ nìyẹn. Ní 1891, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Wisconsin sọ pé ẹni tó ṣe àìdáa ni yóò dáhùn fún gbogbo ohun tó tìdí rẹ̀ yọ, ì báà rò ó tẹ́lẹ̀, ì báà má rò ó.

Ẹ tún wo ilà ojú. Ní Mápó àti Ọjà'ba, àgbàlagbà tó ní àbàjà ṣì wà tí ilà wọn tẹ́jú. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà ń kọlà fún, kẹ́lọ́ìdì ò sì wọ́pọ̀ lára ọmọ ọwọ́. Síbẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ilà sára ọmọdé mọ́. Lójú tèmi, òfin náà ò bèèrè bóyá àpá á jinná dáadáa. Awọ ta ni? Ohun tó ń bèèrè nìyẹn.

Ibi tí mo dé rèé: ẹ̀bi àti gbèsè kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ̀bi mi ò ju títì yẹn lọ, torí kò sí ìkà nínú mi tó tóbi tó àpá yẹn. Àmọ́ gbèsè ò dúró síbẹ̀. Ó ń dàgbà pẹ̀lú àpá.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí! O ò rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ gbá ẹ létí?"

N ò rántí. Etí mi ò ní àpá kankan.

Ó ti ń gba abẹ́rẹ́ sínú àpá náà báyìí, lóṣooṣù. Ó ń dùn ún gan-an. Ìdajì owó rẹ̀, tèmi ni. Bí mo bá sì wà ní Ìbàdàn, èmi ni mò ń gbé e lọ.