Ìbọn, Ìbò àti Ẹjọ́

Ìbéèrè àtijọ́ kan nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òṣèlú ni pé, bí ènìyàn bá ti yọ̀ǹda ohun ìjà rẹ̀ kí ìjọba nìkan lè máa lo agbára, gbèsè wo ni ìjọba jẹ ẹ́. Thomas Hobbes, amòye ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, dáhùn pé ààbò ni, àti pé ibi tí ààbò bá pin sí ni ìgbọ́ràn ń pin sí.

Ọ̀fà, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni ìdáhùn yìí ti rí ìdánwò. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, 2018, àwọn adigunjalè kọ lu àgọ́ ọlọ́pàá Ọ̀fà kí wọ́n tó ya wọ àwọn báńkì, wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní 30, tí ọlọ́pàá 9 wà lára wọn. Ẹni tí ìlú fi ṣọ́ ilé ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Ẹni tó bá bá Hobbes dé òpin yóò ní kí ọdẹ àti àgbẹ̀ gbé ìbọn tó ju ṣakabùlà lọ. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kwara kò sì lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, nítorí pé Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ohun ìjà sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan.

Àṣìṣe Hobbes ni pé gbèsè kan ṣoṣo ni ó kà. Ẹni tó fi ìbọn sílẹ̀ gba ìbò, èyí tí í ṣe ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò ṣàkóso, ó sì gba ẹjọ́, èyí tí í ṣe ẹ̀tọ́ láti rojọ́ níwájú adájọ́ kí ìyà tó jẹ ẹ́. Bí ààbò bá já, àwọn méjèèjì yìí kò bá a lọ. Ńṣe ni wọ́n túbọ̀ wúwo, nítorí àwọn ló kù tó ya òfin sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀san.

Ọdún mẹ́fà àti oṣù díẹ̀ kọjá kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Kwara ní Ìlọrin tó pàṣẹ, ní ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án, 2024, pé kí wọ́n yẹgi fún ènìyàn 5 lórí ìdigunjalè Ọ̀fà náà. Ọ̀kan nínú àwọn afurasí, ọlọ́pàá àtijọ́, ti kú ní àhámọ́ ṣáájú ìdájọ́. Òfin ka afurasí sí aláìjẹ̀bi títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi, nítorí náà gbèsè ẹjọ́ tirẹ̀ kò ṣeé san mọ́ (àwọn tí òkú sùn nílé wọn náà sì pàdánù ohun tí ì bá sọ).

Gbèsè ìbò ló wá kàn. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn ìdájọ́ náà ni Kwara dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Benin ti sọ ní 2014 pé àhámọ́ kò gba ẹ̀tọ́ ìbò lọ́wọ́ ènìyàn. A lè jiyàn lórí ẹni tí a ti dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ti ẹni tó ń retí ìdájọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Òkè-Kúrá ní Ìlọrin kò ní àríyànjiyàn nínú, òfin kò tí ì pè é ní ọ̀daràn. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ sì wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀, kò dà bí ìbọn. Àyè tí Kwara yóò tọrọ lọ́wọ́ Àbújá kò ju ti ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ, kí àpótí ìbò lè wọlé.