IRIN ẸSẸ̀ ÀTI IRIN ỌKÀN

Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ìsìn Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi
Ẹ̀kọ́ Kíkà: Esekiẹli 36:22–28; Korinti Kejì 5:14–17

Ẹ̀yin ará mi olùfẹ́,

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity ní ìlú Lọ́kọ́ja yìí, yóò rí òpó irin méjì tí a rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Irin Òmìnira ni à ń pè wọ́n. Ìtàn ìlú sọ pé níbẹ̀ ni a ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ní ẹrú a kúrò níbẹ̀ ní òmìnira. Ó tọ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún irú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí irin náà kò lè dáhùn fún wa: nígbà tí a bá tú ènìyàn sílẹ̀ tán, irú ọkàn wo ni ó gbé lọ sí ilé?

Ẹ kíyèsí àwọn ẹni tí wòlíì Esekiẹli ń bá sọ̀rọ̀. Àtìpó ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ àtìpó. A ti kó wọn ní ìgbèkùn láti Juda lọ sí ilẹ̀ Babiloni, wọ́n sì ń gbé lẹ́bàá odò Kebari. Ohun tí wọ́n ń ṣe àfẹ́rí ni bí ẹsẹ̀ wọn yóò ti tún kan ilẹ̀ baba wọn. Olúwa sì ṣèlérí pé òun yóò dá wọn padà. Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní òun yóò wẹ̀ wọ́n mọ́, òun yóò yọ ọkàn líle bí òkúta kúrò nínú wọn, òun yóò fún wọn ní ọkàn tí ó rọ̀, tí ó lè gbọ́ràn, òun yóò sì fi Ẹ̀mí òun sí wọn nínú. Èéṣe? Nítorí pé ọkàn tí wọ́n gbé lọ sí Babiloni ni ọkàn tí ó ba ilé wọn jẹ́. Bí wọ́n bá tún gbé e padà bọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, wọn kò pààrọ̀ ayé wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Àwa kan ti Ọ̀yọ́ wá, àwọn kan ti Òṣogbo, àwọn kan ti Ọ̀fà, àwọn mìíràn ti Èkìtì. Òwò ni ó gbé àwọn ẹlòmíràn dé. Iṣẹ́ ìjọba ni ó gbé àwọn mìíràn wá láti ìgbà tí Lọ́kọ́ja ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí ní ọdún 1991. Àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé ìjà ilé ni ó lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sá kúrò nílé nítorí ìjà, bí ó bá di ìbínú rẹ̀ mọ́ ẹrù, kò ní pẹ́ rí ẹni tí yóò bá jà níhìn-ín.

ẸNÌ KAN TÍ Ó MỌ IRIN MÉJÈÈJÌ

Ọkùnrin kan wà tí a kò lè sọ ìtàn ìgbàgbọ́ ní agbègbè yìí láì dárúkọ rẹ̀. Òun ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Ọ̀ṣogùn ni. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà, a sì kó Àjàyí àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Ọmọdékùnrin ni nígbà náà. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí.

Nínú ìwé kan tí ó kọ ní ọdún 1837, ó ròyìn bí a ti de àwọn àgbàlagbà àti àwọn ọmọdé pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n gígùn kan, tí a fi irin há olúkúlùkù lọ́rùn. Nígbà mìíràn, inú a bí àwọn àgbà, wọn a sì fa ẹ̀wọ̀n náà tagbáratagbára. Àwọn ọmọdé a sì fi ọrùn wọn gba ọgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Àwọn tí ń fa ẹ̀wọ̀n náà kì í ṣe olówò ẹrú. Ẹrú ni àwọn náà. Ìdè kan ṣoṣo ni ó de wọn pọ̀ mọ́ ọmọdé tí wọ́n ń ṣe léṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ìyà nìkan tó láti sọ ènìyàn di aláàánú, àwọn ni ìbá kọ́kọ́ ṣàánú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ìyà kì í fi ọkàn titun fúnni. Ó lè mú kí ọkàn líle túbọ̀ le sí i.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí ó kó Àjàyí lójú omi, a sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Irin bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún lè tà á. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka ọdún rẹ̀: ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825 ni a tó ṣe ìrìbọmi fún un. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí ara rẹ̀ fi wà ní òmìnira kí ó tó fi ara rẹ̀ fún Kristi. Nínú ìwé kan náà ni ó ti jẹ́wọ́ pé òun wá mọ̀ pé òun wà nínú oko ẹrú mìíràn tí ó burú ju ti ìṣáájú lọ, èyíinì ni ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Sátánì. Ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà á nínú ìyẹn. Kristi ni ó gbà á.

Ọkàn titun náà ni ó gbé e dé ìhín. Ó bá àwọn ará ìrìnàjò ọdún 1841 gòkè odò Ọya dé ibi tí odò méjì ti pàdé. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ìhìnrere bẹ̀rẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, ní òdìkejì odò, níbi tí ó ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn àkọ́so ní ọdún 1862. Nígbà tí ìjà fọ́ Gbẹ̀bẹ̀, Lọ́kọ́ja ni iṣẹ́ náà kọjá sí. Ní ọdún 1864 a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù.

Ní ọdún 1867, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú un lójú odò yìí, ó sì ń bèèrè owó ìràpadà. Níbi tí a ti ń gbà á sílẹ̀ ni ọfà olóró ti pa Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó: ẹni tí a jí gbé ní kékeré, a tún mú un nígbà tí ó di àgbà. Ta ni ìbá dá a lẹ́bi bí ó bá kọ odò náà sílẹ̀, tí ó sì lọ jókòó sí Èkó? Ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Títí ó fi kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, bíṣọ́ọ̀bù odò Ọya ni ó jẹ́. Ọkàn òkúta a máa ṣírò gbèsè. Ọkàn titun a máa padà lọ ṣe oore níbi tí a ti ṣe é níbi.

KÍ NI A RÍ KỌ́?

Èkíní: Ọlọ́run ni ó ń fi ọkàn titun fúnni, a kì í fi ọwọ́ ara wa rọ ọ́. Ẹ rántí omíyalé ọdún 2012 àti ti ọdún 2022. Bí omi bá fà tán, tí onílé sì sáré kun ọ̀dà sí ògiri tí omi ti mu, ilé náà a dára ní ojú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀dà a bọ́, àbàwọ́n a sì tún yọ síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ra aṣọ funfun, tí ó fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù kan, tí ó gba oyè nínú ìjọ, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí Ọlọ́run fọwọ́ kan inú rẹ̀. Kì í ṣe pé ohun wọ̀nyí burú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ògiri. Ará, tọ Olúwa lọ. Pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ohun tí ó ti ṣèlérí. Kò ní kọ̀.

Èkejì: Ẹni tí ó ti gba ọkàn titun kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù nítorí ìjàkadì. Ẹ gun Òkè Pátì, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Odò Ọya dé pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, Bénúé dé pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ti pàdé, síbẹ̀ wọ́n ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ jìnnà díẹ̀, ojú sì lè mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwà àtijọ́ àti ìwà titun ti ń bá ara wọn rìn nínú onígbàgbọ́. Ìbínú tí o rò pé ó ti kú a tún gbé orí sókè. Máṣe sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run kò sí nínú rẹ. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni àfiwé náà parí sí. Omi méjì lè dàpọ̀ kí ó sì di ọ̀kan; ìwà àtijọ́ kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ titun. Ọ̀kan ní láti máa dínkù lójoojúmọ́. Èyí tí à ń fún ní oúnjẹ ni yóò lágbára.

Ẹ̀kẹta: Ẹni tí ó kéré jù wá lọ ni ẹlẹ́rìí ọkàn wa. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láì fi bò. Ọmọ ọ̀dọ̀ wà nínú ilé àwọn kan nínú wa. A gbà á lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ní abúlé pé a ó rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òun ni ó ń sùn kẹ́yìn, òun ni ó ń jí ṣáájú. Nígbà tí àwọn ọmọ wa wà ní kíláàsì, igbá ọjà wà lórí tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíràn tí ọdún rẹ̀ ti pé, tí a kò fẹ́ kí ó gba fírídọ́ọ̀mù, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́, ó sì ń pa owó wọlé. Ìyàwó wà nílé tí kò mọ̀ pé ọkọ òun ti dá ilé mìíràn sílẹ̀ ní ìdálẹ̀. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí a ti tú ẹrú sílẹ̀, ṣé àwa ni a ó máa fa ẹ̀wọ̀n mọ́ ọmọdé lọ́rùn? Bí a bá ń kọrin ìdáǹdè ní òwúrọ̀, tí ọmọ ọ̀dọ̀ wa sì ń sunkún ní alẹ́, ta ni Ọlọ́run yóò gbọ́?

Bákan náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn tí a bá ní ìlú yìí. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, Igala, Ebira, Núpé àti Haúsá ni aládùúgbò wa. Kò yẹ kí ẹnu àlejò kún fún èébú onílé. Crowther jókòó kọ́ èdè Núpé títí ó fi kọ ìwé gírámà rẹ̀. Ẹni tí kò lè kí aládùúgbò rẹ̀ lówùúrọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, kí ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùfẹ́, ẹ má jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kí a sì gbàgbé rẹ̀ sórí àga. Kí Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn tó dé, kí ẹni tí ó jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó san án. Kí ẹni tí ó ṣèlérí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ mú ọmọ náà lọ forúkọ sílẹ̀. Kí ọkọ tí ó fi nǹkan pamọ́ sọ òtítọ́ fún aya rẹ̀. Kì í ṣe pé ìṣe wọ̀nyí ni yóò ra ọkàn titun fún wa. Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń fi fúnni. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá wà, kò lè ṣàì fara hàn.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Olúwa, ìwọ tí o rí àtìpó lẹ́bàá odò Kebari, wo àwa náà lẹ́bàá odò yìí. Mú líle ọkàn wa kúrò. Fún wa ní ọkàn tí ń gbọ́ ẹkún ọmọdé. Bí o bá sì mú wa padà dé ilé baba wa lọ́jọ́ kan, jẹ́ kí àwọn ará ilé wa rí i pé kì í ṣe ẹrù wa nìkan ni ó yí padà. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.