Àyànmọ́ àti Àwòrán Bàálù

Nínú ìjọ wa níbí ní Kent, bí nǹkan bá ti dojú rú fún ẹnì kan, kò ní pẹ́ tí a ó fi gbọ́ ọ: àyànmọ́ ò gbóògùn. Mo gbà pé Ọlọ́run ní ètò fún ẹ̀dá. Èyí tí n kò gbà ni pé ètò náà ti parí iṣẹ́ kí a tó délé ayé. Bàálù kékeré tí a ń fi rédíò darí ni mo máa ń kàn, láti inú àwòrán tí màgásíìnì tẹ̀ jáde, iṣẹ́ yìí ló sì là mí lójú.

Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti gé sínú páálí, tí a kàn máa lẹ̀ pọ̀. Àwòrán lásán ni wọ́n ń fún wa. Gbogbo egungun apá, ọwọ́ ẹni ni yóò gé e. Tiger Moth ló wà lórí tábìlì mi báyìí, bàálù tí apá rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin ojúlówó ni mò ń ṣe, apá òkè gùn ní 88 ínṣì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Igi bálísà la fi ń kàn án, Ecuador ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Mú pátákó bálísà méjì tó dọ́gba ní gígùn, ní ìbú, ní nínípọn, kí o gbé wọn lé òṣùwọ̀n: ọ̀kan lè wúwo tó ìlọ́po méjì èkejì. Àwòrán ò mọ ìyẹn. Ó fi bí ìrù ṣe rí hàn mí, kò lè mọ igi tó wà lọ́wọ́ mi. Imú Tiger Moth kúrú, nítorí náà bí ìrù bá wúwo díẹ̀ péré, àfi kí a di òjé mọ́ imú. Bàálù tí ìrù rẹ̀ bá wúwo jù kì í gbọ́ràn sí ẹni tó ń darí rẹ̀ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wọn pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí etí rẹ̀, tí mo ń na án sójú fèrèsé kí n rí bí iṣan rẹ̀ ṣe lọ. Èyí tó fúyẹ́ jù lọ, ìrù ló ni ín.

Yíyan orí náà gba irú ìmúrasílẹ̀ yìí. Àwọn tó ń fi ìtàn Àjàlá alámọ̀, ẹni tó ń mọ orí tí ẹ̀dá ń yàn lọ́run, gbe ọ̀rọ̀ àyànmọ́ lẹ́sẹ̀ máa ń fo ibì kan. Kristẹni ni mí, síbẹ̀ mo ka ìtàn náà sí ọgbọ́n àgbà. Afùwàpẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló lọ yan orí. Kí Afùwàpẹ́ tó yan tirẹ̀, ó ti rúbọ, ó sì ti bá Àjàlá san gbèsè. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ò dúró ṣe nǹkan kan, orí tí kò dára ni wọ́n gbé.

Àwòrán fúnra rẹ̀ kì í kọ àtúnṣe. Nígbà tí ilé iṣẹ́ de Havilland ń ṣe Tiger Moth ní 1931, wọ́n rí i pé apá òkè dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó bá jókòó níwájú, kò ní lè fi páráṣúùtù bọ́ síta. Wọ́n sún apá náà síwájú. Sísún yìí ba ìdọ́gba bàálù jẹ́, ni wọ́n bá tẹ apá sẹ́yìn kó lè dọ́gba padà. Nítorí ẹ̀mí ẹni ìjókòó iwájú ni wọ́n ṣe wàhálà yẹn. Ṣé àánú Ọlọ́run á wá kéré sí tiwọn ni? Nínú Bíbélì, wòlíì ti sọ fún Ọba Hesekáyà pé kíkú ni yóò kú. Ọba kọjú sí ògiri, ó sunkún, a sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan láàárín wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe àyànmọ́ sí i létí. Ẹ bi í ní ohun tó kù tí a lè bá a ṣe.